Yàrá fún Ẹni Méjì

Yàrá mẹ́sàn-án péré ni hòtẹ́ẹ̀lì náà ní,
ó há sáàárín báńkì àti ṣọ́ọ̀bù oníbàtà
ní Trieste, níbi tí òpópónà ti ń sáré lọ bá òkun.

Ondina tó ni ín ṣí ìwé ńlá kan,
ó fi ìka tọ orúkọ: "Ermes àti Fosca, láti Ferrara.
Ẹni méjì, òru mẹ́rin. Ẹ ti sanwó láti oṣù kẹfà."
Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó wo àpótí mi kan ṣoṣo.
"Ìyàwó ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, mo ti lanu.
Ohun tó jáde ni: "Ó ń bọ̀ lọ́la. Ọkọ̀ ojú irin ni yóò wọ̀."

Yàrá keje. Wọ́n mọ àlejò í ṣe:
sálúbàtà funfun, ti ọkùnrin, ti obìnrin,
ife méjì, ṣokoléètì méjì lórí ìrọ̀rí.
Mo jẹ tèmi. Mo ń wo èkejì títí oorun fi gbé mi.
Ká ní Fosca ni, á ti jẹ méjèèjì kí n tó bọ́ kóòtù.

Lóru, atẹ́gùn dé.
Bora ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.
Ó gbá fèrèsé mú, ó ń mì ín
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí fìlà kan tó ń fò lọ sí òkun,
kò sí orí lábẹ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Livio tó ń ṣọ́ òru kan ilẹ̀kùn mi:
"Ọ̀gá, ọkọ̀ ojú irin ò rìn mọ́, igi ti wó dí ọ̀nà.
Ẹ má fòyà, Ondina ti wà lórí fóònù."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó di fóònù mú bí ẹni di ọrùn adìẹ,
ó ń pariwo mọ́ àwọn ará ibùdókọ̀:
"Fosca! F bíi ti Firenze! Obìnrin kan ṣoṣo,
ẹ wò ó láàárín àwọn tó há sí Monfalcone!"
Jota ń hó lórí iná, ọbẹ̀ ẹ̀wà òun kábéèjì kíkan,
nítorí ẹni tó ti inú òtútù yẹn bọ̀.

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a.
Tèmi ò tíì pé ọjọ́ méjì. Kò mọ̀ ọ́n rìn.
"Ẹ gbé fóònù yẹn kalẹ̀," mo ní.
"Wọn ò ní rí i ní Monfalcone. Oṣù kẹsàn-án la sin ín."

Livio ṣí fìlà.
Ondina ò kí mi kú ọ̀ràn ènìyàn. Inú bí i:
"Láti ọ̀sán ni mo ti ń gbé ọbẹ̀ yìí kaná fún un!"
Ó bu abọ́ mẹ́ta, ó ti Livio jókòó,
ó gé búrẹ́dì bí ẹni ń jà.
Ìgbà tó yá ló béèrè: "Ṣé ó máa ń hanrun?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi ta sí mi láyà.
Ó ń hanrun bí ọkọ̀ òkun tó ń wọ èbúté!
Mo wá sọ ohun tí n kò sọ fáwọn ọmọ wa,
pé orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti yan ibí yìí,
nítorí fèrèsé aláwọ̀ ewé kan nínú àwòrán.
Ó ní, "Bí n kò bá lè lọ, bá mi wò ó bóyá ó ń ṣí."

Kò ṣí. Ọ̀dà ti lẹ̀ ẹ́ pa.
Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta Livio mú ọ̀bẹ ìdáná wá,
ó ń ha á, ó ń ṣépè jẹ́jẹ́.
Ẹ̀ẹ̀kan náà ló yọ, òtútù wọlé,
òórùn iyọ̀, òórùn kọfí tí wọ́n ń yan létí omi.
Kò sẹ́ni tó yára tì í.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Ondina dá owó ẹnìkan padà fún mi,
ṣùgbọ́n ó kọ abọ́ jota méjì sínú ìwé owó.
"Ta ló jẹ èkejì?"
"Livio," ó ní, kò gbójú sókè,
"ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó yín ló fi jẹ ẹ́."

Mo san án.